Ilé Orí Táyà tí Mùkáílà fi Ṣe Sàárà fún Ìyá Rẹ̀

Ìdí ẹ̀rọ omi ní Gàmbàrí ni Ràúdátù ti gbọ́ ọ. Àwọn obìnrin tó ń dúró de omi ń sọ ọ́ sí ara wọn létí pé pákó tó ti ń jẹrà ni ọkọ rẹ̀ fi ṣe sàárà fún ìyá rẹ̀ tó kú, pé ìdí nìyẹn tí ògiri ilé orí táyà Àáfà Sàláhù fi wú, tó sì dúdú. Ọ̀kan nínú wọn ní ẹni tó bá ń ré Ọlọ́run jẹ, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ní í tú u fó. Ràúdátù kò bá wọn jà. Ó gbé omi rẹ̀ rù, ó sì lọ sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Ọjà Tuntun.

Ẹ wo irú ọ̀rọ̀ tí ẹnu ń sọ. Mùkáílà káfíńtà, tó jẹ́ pé bó bá kan ibùsùn fún yín, àwọn ọmọ-ọmọ yín ni yóò sùn ún gbó, òun ni wọ́n ń pè ní oníjìbìtì.

“Bàbá Ìdáyátù, ẹ má jẹ́ kó dùn yín,” Ràúdátù wí.

Àmọ́ ó dùn ún. Ó gbé ayùn tó ń pọ́n sílẹ̀, kò sì lè gbé e mọ́ títí tí wọ́n fi pe ìrun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé orí táyà náà ṣe jẹ́. Lọ́dún tí ogun abẹ́lé parí, Àáfà Sàláhù ń lọ ṣe wáàsí káàkiri àwọn abúlé oko Ìlọrin, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì ní ibi tí àgbàlagbà lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sí. Ọmọ ìjọ kan fún Àáfà ní Láńdírófà àlòkù. Mùkáílà ní tòun, ó wá férémù tírélà kékeré kan tó ti dípẹtà, irú èyí tí Láńdírófà máa ń fà, ó tún un ṣe, ó sì kan yàrá kan lé e lórí. Páànù ló fi bo ara rẹ̀ lóde, pílaíwúùdù ló fi ṣe ògiri nínú. Ibùsùn kan wà níbẹ̀, àti pẹpẹ kan tí wọ́n lè là sílẹ̀, tí wọ́n á tún ká padà mọ́ ògiri. Ó kun fáníìṣì títí ògiri náà fi ń dán gbinrin. Láàárín páànù àti pílaíwúùdù, ó fi àyè tó tó ìka sílẹ̀, ó sì ṣí etí ògiri díẹ̀ lókè kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ibẹ̀ kọjá, kí ooru má baà pa Àáfà. Àwọn káfíńtà yòókù fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ṣé eku ló ń kọ́lé fún ni.

Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Orúkọ Àṣàbí, ìyá rẹ̀, ló fi ṣe é.

Ìkòkò ni Àṣàbí máa ń mọ. Ọkọ rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀mùtí. Mùsùlùmí ni o, ó mọ̀ pé haráàmù ni, síbẹ̀ yóò mu ún, yóò ta gọ́ọ́gọ́ọ́ wọ agbo ilé, yóò sì tẹ ìkòkò tútù tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ, èyí tí wọn ò tíì sun níná. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, obìnrin náà yóò kó amọ̀ jọ, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mọ òmíràn. Mùkáílà kékeré á jókòó tì í. Kí ọtí tó pa ọkùnrin náà ni Àṣàbí ti gba ọmọ aládùúgbò kan tí ìyá rẹ̀ kú lórí ìkúnlẹ̀ mọ́ ọmọ rẹ̀, òun nìkan ló sì tọ́ àwọn méjèèjì lẹ́yìn náà. Àbdùlsàlámì ni orúkọ ọmọ náà. Abọ́ kan náà ni Mùkáílà àti Àbdùlsàlámì fi jẹun dàgbà. Ọmú nìkan ni wọn ò jọ mu.

Ìdí tí mo fi ń sọ gbogbo èyí ni pé Àáfà Sàláhù ti sọ fún Mùkáílà pé, ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fi ilé orí táyà yẹn gbé wáàsí dé abúlé kan, láádá rẹ̀ yóò máa dé bá Àṣàbí nínú sàréè. Ẹ ò lè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wọ ọkùnrin náà lára tó. Bí ará oko kan bá dúró ní ìsọ̀ rẹ̀, tó ní Àáfà wá sọ́dọ̀ àwọn, Mùkáílà á rẹ́rìn-ín músẹ́, á sì sọ lábẹ́ ohùn pé, “Ìyá, tìrẹ nìyẹn.” Kò ní nǹkan mìíràn láyé tó ń fún ìyá rẹ̀.

Ta wá ni dírẹ́bà tó ń fa ilé náà? Àbdùlsàlámì ni. Mùkáílà ló mú un tọ Àáfà lọ. Ó ní, “Àáfà, ẹ fi ṣe àmánà fún un. Bó bá ṣe ohun tí ò dáa, èmi ni kẹ́ ẹ mú.” Lọ́dún tí ìjọba ní kí ọkọ̀ máa gba ọwọ́ ọ̀tún, tí ọ̀pọ̀ dírẹ́bà ń bẹ̀rù ọ̀nà, Àbdùlsàlámì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, inú Mùkáílà sì dùn bí ẹni pé òun gan-an ló ń wakọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dun Àáfà. Kò lè lọ sóko mọ́. Ilé orí táyà wá di ohun tó ń gbé ní agbo ilé Àbdùlsàlámì, tí gbogbo ènìyàn sì gbà pé ibẹ̀ ló wà, tí wọ́n fi tapólì bò ó. Ọdún bíi méjì kọjá. Ẹsẹ̀ Àáfà fúyẹ́, ó ní òun fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ wáàsí bí àwẹ̀ bá ti dé. Ó rán àwọn kan lọ wo ilé náà. Àwọn yẹn ló rí ògiri.

Lọ́jọ́ kejì tí Ràúdátù gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, Àbdùlsàlámì fa ilé náà wá sí ìwájú ìsọ̀ kí Mùkáílà lè tún un ṣe. Ó bọ́ sílẹ̀, ó ń fi fìlà nu ojú.

“Òjò ti ṣe é, ọ̀rẹ́ mi,” ó wí. “Má wulẹ̀ yọ ara rẹ lẹ́nu. Fi sáńpépà ra á, kí o kun fáníìṣì dúdú lé e. Má tiẹ̀ tú u rárá.”

“Kí ló dé tí n ò fi ní tú u?”

“Iṣẹ́ á pọ̀ jù. Àwẹ̀ ti ń bọ̀.” Ó ti wọ Láńdírófà padà kó tó sọ ọ́ tán.

Mùkáílà ṣí ilẹ̀kùn, ó wọlé, ó sì dúró láàárín ilé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan. Ojú ro ó. Pílaíwúùdù ti là sí awẹ́ awẹ́ nísàlẹ̀, fáníìṣì ti bó, ibi tó kù ti funfun, ó sì ti dúdú níbòmíràn. Ó gbójú sókè. Lókè lọ́hùn-ún, níbi tí òjò ìbá ti kọ́kọ́ wọlé, ògiri ń dán bí ó ṣe dán lọ́jọ́ tó kùn ún. Ó fi ọwọ́ tẹ igi òrùlé. Gbígbẹ ni. Òjò wo ló wá fo òrùlé, tó lọ bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀? Ó la pẹpẹ sílẹ̀. Òbìrìkìtì funfun kún ojú rẹ̀, ọ̀kan ń gun ọ̀kan, irú èyí tí ìdí ìgò tútù máa ń tẹ̀ sára fáníìṣì.

Ó ní kí òun má rò ó. Ó ní bóyá ìgò omi ni, bóyá ìgò epo. Ó mú hámà, ó fi ẹnu hámà náà yọ ìṣó, ó sì fa ògiri kìíní kúrò.

Ìdérí ìgò bíà ló dà sílẹ̀. Ó ń dà, ó ń pariwo lórí pákó ilẹ̀, ó ń yí lọ sábẹ́ ibùsùn. Àyè tó fi sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́, tó ṣí lókè nítorí Àáfà, ibẹ̀ ni wọ́n ń sọ gbogbo rẹ̀ sí. Ó fa ògiri kejì, bákan náà ni. Òórùn ọtí tó ti kan jáde wá bá a, òórùn kan náà tí bàbá rẹ̀ máa ń gbé wọ agbo ilé. Mùkáílà jókòó sílẹ̀ láàárín ìdérí ìgò. Ọkùnrin tó ti bímọ tó ti lọ sílé ọkọ, ó sunkún.

Ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, Àbdùlsàlámì dé gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó gbé ẹ̀pà sísun dání, torí ojoojúmọ́ ni wọ́n jọ máa ń jẹ ẹ̀pà lórí bẹ́ǹṣì níwájú ìsọ̀. Ó rí ògiri tí wọ́n tú kalẹ̀. Ó rí ìdérí ìgò tí Mùkáílà gbá jọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó jókòó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó jókòó.

“Níbo lo gbé e lọ?” Mùkáílà bi í.

Àbdùlsàlámì kọ́kọ́ ń wo ilẹ̀. “Ibi tí wọ́n ti ń la ọ̀nà tuntun. Ẹnì kan ń ta bíà fún àwọn lébìrà níbẹ̀, ó ń wá ibi tó lè tẹ́ ọjà rẹ̀ sí. Áísì ló ń yọ́ sílẹ̀. Mo sọ fún un kó máa nu ilẹ̀.”

“O sọ fún un kó máa nu ilẹ̀.”

“Mùkáílà, Àáfà ò lọ síbì kankan. Ilé náà kàn wà lásán.”

“Ìyá ni mo kọ́ ọ fún, Sàlámì. O mọ ohun tí ọtí fi ojú rẹ̀ rí. O wà níbẹ̀. Ìwọ náà bá a kó amọ̀ jọ.”

Ẹ̀pà ń bọ́ lọ́wọ́ Àbdùlsàlámì.

Mùkáílà wá bi í léèrè èyí tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti àárọ̀. “Ta ló kọ́kọ́ sọ pé pákó mi ló jẹrà?”

Àbdùlsàlámì ń ṣa ẹ̀pà tó bọ́ sílẹ̀. “Àwọn tí Àáfà rán wá ló bi mí. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ.”

Áà, ẹ̀dá. Nígbà tí mo gbọ́ ibẹ̀ yẹn, orí mi gbóná. Kí ènìyàn ba nǹkan ẹni jẹ́, a ti rí irú rẹ̀ rí. Ṣé kó tún wá lọ fi ẹ̀sùn rẹ̀ kan ẹni tó ni ín?

Àbdùlsàlámì bá dọ̀bálẹ̀ sórí eruku, níwájú gbogbo ọjà. Ó ní ìdílé Àáfà ló fẹ́ wá fẹ́ ọmọbìnrin òun, pé wọn yóò so yìgì lẹ́yìn ìtúnu àwẹ̀, bí Àáfà bá sì gbọ́, ó ti parí fún ọmọ náà. Ó ní, “Má wò mí. Wo Ìyá. Fi Àṣàbí tó wà nínú ilẹ̀ bò mí.”

Níbí, bí ẹnì kan bá fi òkú ìyá ẹni bẹ ẹni, kí ló kù tí ènìyàn lè sọ? Àbdùlsàlámì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó mọ ibi tí ọwọ́ lè tó lára ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mùkáílà ní kó dìde.

Ó tún ilé náà ṣe. Ó já gbogbo ògiri tó bàjẹ́, ó wá pílaíwúùdù tuntun, ó yọ́ àbẹ́là sí etí rẹ̀ nísàlẹ̀ kí omi má lè gùn ún mọ́, ó kàn án mọ́ igi. Pílaíwúùdù odindi gùn, ẹnì kan ò lè gbé e nàró, Àbdùlsàlámì ló ń wá bá a di etí kejì mú. Bí wọ́n ṣe ń gbé e, ojú wọn ń ko ara wọn lókè pákó, Mùkáílà á wo ibòmíràn. Ó kun fáníìṣì, ó jẹ́ kó gbẹ, ó ra á, ó tún kùn ún. Kò lo dúdú. Ó fẹ́ kí Ìyá rí i pé òun ò fi nǹkan kan pa mọ́ sábẹ́ rẹ̀. Pẹpẹ tuntun ló kàn, ó sì fọ́ ti àtijọ́ sun.

Wọ́n fa ilé náà lọ sọ́dọ̀ Àáfà Sàláhù. Àgbàlagbà náà fi ọ̀pá gun àtẹ̀gùn wọlé, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra ògiri, inú rẹ̀ dùn. Àwọn ọmọ ìjọ dúró yí ilẹ̀kùn ká, títí kan àwọn tó sọ pé pákó jẹrà.

“Mùkáílà,” Àáfà wí, “sọ fún mi, kí n má baà gba ọ̀rọ̀ ẹnu ọjà gbọ́. Kí ló bà á jẹ́?”

Àbdùlsàlámì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu Mùkáílà, ó sì gbé e mì.

“Èmi ni, Àáfà. Èmi ni mi ò ṣe é dáadáa. Ẹ má bínú.”

Àwọn ènìyàn wo ara wọn. Àáfà mi orí, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó ń ṣàdúà. “Ọlọ́run, dárí àṣìṣe Mùkáílà jì í. Má jẹ́ kí àìṣedéédéé ọwọ́ rẹ̀ dín láádá ìyá rẹ̀ kù.”

“Àmín,” Àbdùlsàlámì wí.

Ohùn tirẹ̀ ló ròkè jù níbẹ̀. Gbogbo wọn ló ṣe àmín, àmọ́ tirẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde, ó fà á gùn, ó sì fi ọwọ́ pa ojú. Mùkáílà ya ẹnu, àmín tirẹ̀ kò jáde.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Àbdùlsàlámì tún gbé ẹ̀pà wá. Ó fẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

“Ẹ̀bẹ̀ tí o fi orúkọ Ìyá bẹ̀, mo ti gbà á fún Ìyá,” Mùkáílà wí, kò gbójú sókè níbi iṣẹ́ rẹ̀. “Ìwọ fúnra rẹ ò tíì bẹ̀ mí.”

Àbdùlsàlámì ká etí bébà ẹ̀pà padà, ó fi í sápò, ó sì bá ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lọ.