Iṣu Tòun Tèèpo

Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ lójú mi pé Moutiatou ló ba ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ jẹ́, èmi àti onítọ̀hún la ó jọ fà á. Ògiri kan péré ló pín ilé wọn àti tèmi níyà ní Kpankou. Ohun tí wọ́n bá gbé kaná lọ́hùn-ún, imú mi á ti mọ̀ ọ́n kó tó jinná.

Moutiatou kì í ṣe obìnrin aláriwo. Ó ń gbin ẹ̀wà àti ẹ̀pà, ó sì ń bá Ràmọ́nù ọkọ rẹ̀ ro oko àgbàdo. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Ọmọlará, tó ti wà nílé ọkọ ní Porto-Novo. Obìnrin tí kò bí ju ẹyọ kan lọ, ẹ mọ ojú tí ará ilé ọkọ fi ń wò ó. Olórí wọn ni Rachidatou, ẹ̀gbọ́n Ràmọ́nù, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Aliou. Ìrẹsì ló ń tà lọ́jà Kétu, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ.

Nígbà tí ìtọ̀ ṣúgà mú Ràmọ́nù, dókítà obìnrin kan pe Moutiatou jókòó, ó bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọ ìyá. Ó ní kí wọ́n rọra fi ìrẹsì funfun, búrẹ́dì àti òkèlè ńláńlá sílẹ̀. Kí ó máa se ọ̀dùnkún tàbí iṣu tòun tèèpo, èyí tó tó ìkúùkù ọwọ́ kan, kí ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ sì pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí kò bá sí ìyẹn, kí ó se àgbàdo mọ́ ẹ̀wà.

"Oúnjẹ tí kò ní wàhálà ni," dókítà sọ fún un. "O ó fọ̀ ọ́, o ó gbé e kaná, o ó máa bá iṣẹ́ rẹ lọ."

Bó ṣe rí náà nìyẹn. Lóko, Moutiatou á gbé ìkòkò sórí ààrò láàárọ̀, á gba ọkọ́, á lọ bá ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ebè. Kí wọ́n tó sinmi, ọ̀dùnkún á ti jinná. Ràmọ́nù á yọ ọ̀bẹ tirẹ̀, á bó o fúnra rẹ̀, á fi ata àti epo díẹ̀ jẹ ẹ́ lábẹ́ igi. "Ìyá Lará, èyí dùn ju iyán lọ," ó máa ń wí bẹ́ẹ̀. Òjò ọdún náà kò tíì dá tí òùngbẹ fi dín lára rẹ̀. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ṣúgà ti wálẹ̀. Lọ́jọ́ náà, mo gbọ́ ẹ̀rín Moutiatou láti ilé mi.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ilé wa. Iṣu tòun tèèpo, oúnjẹ oko ni. Ọkùnrin lè jẹ ẹ́ lábẹ́ igi kó máa fi yangàn. Bí ìyàwó bá gbé e wọlé, tó gbé e síwájú baálé, ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Wọ́n á ní ọ̀lẹ ni, tàbí pé kò ka ọkọ rẹ̀ sí ènìyàn. Nílé, ewúrẹ́ ló ni èèpo.

Ọjọ́ tí ọkọ́ ṣá Ràmọ́nù lẹ́sẹ̀, ojú egbò náà kéré. Dókítà ní kó má lọ sóko títí yóò fi jinná, kó má sì yí oúnjẹ padà. Báyìí ni ìkòkò oko ṣe di ìkòkò ilé. Àwọn tó wá kí i bá a níbi tó ti ń bó ọ̀dùnkún.

Ìyá Aliou pariwo, "Ìyàwó, ṣé ọwọ́ rẹ kán ni? Àbí ewúrẹ́ ni àbúrò mi?"

"Ẹ má bínú, ìyá mi. Dókítà ló ní kí n ṣe é bẹ́ẹ̀."

"Ṣé dókítà ló fẹ́ ẹ wá sílé yìí ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ràmọ́nù náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tirẹ̀ yẹn ló dùn mí jù. Ó ti àwo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sì fọwọ́ kàn án mọ́.

Moutiatou bẹ̀rẹ̀ sí í bó o kó tó gbé e wá. Wọ́n ní ó kéré jù, pé ahun ni. Láti ìgbà náà, ìrọ̀lẹ́ kò ní lọ kí Ìyá Aliou má gbé abọ́ ìrẹsì àti ọbẹ̀ pupa dé, á fi aṣọ bò ó. "Ohun tó wu ọmọ í jẹ, kì í run ọmọ nínú," ó máa ń wí. Ràmọ́nù á jẹ ẹ́ tán, á ní kí wọ́n bu kún un. Moutiatou kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ lójú mi. Ọkọ rẹ̀ dáhùn pé, "Ṣé kí n lé ẹ̀gbọ́n mi jáde ni?"

Egbò náà bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Èmi náà gbọ́ òórùn rẹ̀ láti ìhà tèmi. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ilé ìwòsàn, ó ti pẹ́ jù. Abẹ́ orúnkún ni wọ́n ti gé ẹsẹ̀ náà. Ìyá Aliou sì ń sọ fún gbogbo ọjà pé oúnjẹ ewúrẹ́ ló fa ẹ̀jẹ̀ àbúrò òun gbẹ. Wọ́n gbà á gbọ́. Títí di òní, àwọn obìnrin kan kì í kí Moutiatou lọ́nà odò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ìyá Aliou gba ẹ̀yìn ilé mi kọjá sílé Moutiatou, kí ará àdúgbò má bàa rí i. Ó ti rù, ìgò omi kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà wọn, kí n má purọ́ fún yín. Moutiatou ń sọ ìkòkò ọ̀dùnkún kalẹ̀. Ràmọ́nù jókòó nítòsí, ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan sókè.

"Ìyàwó mi," Ìyá Aliou wí, "dókítà ní kí èmi náà máa jẹ ẹ́. Ṣé ó kù?"

Moutiatou bu ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ sínú àwo, ó mú ọ̀dùnkún kan tòun tèèpo sí i, ó fi ọ̀bẹ lé e lórí. Ó kúnlẹ̀ gbé e fún un. Ìyá Aliou bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Ràmọ́nù yí ojú sí ògiri.

"Ẹ jẹ ẹ́, ìyá mi," Moutiatou wí. "Ó dára fún ara. Ó ti dára fún Bàbá Lará rí."