Ọmọ ọmọ mi tú mi fó lọ́dọ̀ dókítà

Bísí, ọmọ ọmọ mi, tú mi fó lónìí níwájú dókítà. Ó ti rẹ̀ mí débi pé mi ò lè bínú.

Dókítà bèèrè pé báwo ni ara mi. Mo ní, "A dúpẹ́, ara le." Kí ni àgbàlagbà ì bá tún wí?

Bísí ló ń bá mi túmọ̀, àmọ́ kò túmọ̀ ìyẹn.

"Grandma, please, kì í ṣe pé wọ́n ń kí yín. Ẹ sọ bẹ́ ẹ ṣe ń sùn."

"Mo ń sùn dáadáa."

"Lórí àga, Grandma. Ẹ ò lè dùbúlẹ̀ mọ́."

Ló bá ro gbogbo rẹ̀ fún dókítà ní òyìnbó.

Wọ́n yẹ ọkàn mi wò. Dókítà ní ilẹ̀kùn kan nínú rẹ̀ kì í pa dé dáadáa mọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa lọ síwájú ń ṣẹ́rí padà, ó ń kún sí ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró, omi wá ń jò síbẹ̀. Ìyẹn ni èémí mi ṣe ń há tí mo bá fẹ̀yìn lélẹ̀. Ó ní wọ́n lè tún un ṣe, ṣùgbọ́n tó bá pẹ́ jù, ọkàn náà á ti rẹ̀ kọjá àtúnṣe.

Mo ní kí wọ́n tún un ṣe. Bísí ń sunkún, mo ní kó lọ bá mi gbé kóòtù mi wá.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi ní Brampton àti Oshawa, ta ni wọ́n ti ṣe é fún nínú yín? Ẹ sọ bó ṣe rí gan-an. Mi ò sọ fún Bísí, àmọ́ àyà mi ń já.