Ẹ̀rọ Ìfọṣọ Tó Fẹ́ Jáde Lọ Sí Títì

Ṣé àdúrà ló dá ẹ̀rọ ìfọṣọ yẹn dúró lẹ́nu ọ̀nà ni, àbí wáyà iná rẹ̀ ló já kúrò lára ògiri? Títí di òní olónìí, Àbúrò kò rí èsì fún ìbéèrè náà. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ló kù nínú ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, àmọ́ nígbà tí ẹ̀rọ dúró, ojú Àbúrò wà ní dídì. Àdúrà ló ń gbà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọ̀hún, tó ti di olóògbé báyìí, ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Mo-Lè-Ṣe-É. Alágbàfọ̀ ni. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi ọwọ́ fọ aṣọ kó tó ra ẹ̀rọ ńlá kan tó ga tó àyà ènìyàn. Àwọn tó gbé e wá ní kó pe atún-ẹ̀rọ-ṣe kó wá bá a tò ó. Ó wò wọ́n bí ẹni tí wọ́n ní kó lọ wá ẹni tí yóò bá a jẹun.

"Kí ló wà níbẹ̀? Omi á wọlé, omi á jáde. Mo lè ṣe é!"

Lóòótọ́, omi wọlé. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó ń kùn jẹ́jẹ́. Ìgbà tó wá kan kó fún aṣọ, ara rẹ̀ gbọ̀n, ó fò sókè, ó sì mú ọ̀nà pọ̀n. Ó ti agbọ̀n aṣọ ṣubú, ó gba ẹ̀gbẹ́ káńtà kọjá, ó dorí kọ títì. Àwọn obìnrin méjì tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ti gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ. Mo-Lè-Ṣe-É dì mọ́ ẹ̀rọ láti ẹ̀yìn, ẹ̀rọ ń wọ́ ọ lọ.

"Ẹ fi sílẹ̀, Ẹ̀gbọ́n! Ẹ jẹ́ kó máa lọ!"

"Kó máa lọ síbo? Aṣọ oníbàárà wà níkùn ẹ̀!"

Àbúrò, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ aládùúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, kúnlẹ̀ sínú omi ọṣẹ, ó dijú, ó sì fi igbe ké pe Ọlọ́run. Gbogbo nǹkan pa rọ́rọ́. Nígbà tó lajú, iwájú ẹ̀rọ ti yọ síta, wáyà wà nílẹ̀ gbọọrọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń juwọ́ sí oníbàárà kan tó yanu sílẹ̀ létí títì. "Ẹ káàbọ̀, mà," ló ń wí. "Aṣọ yín la ń gbé bọ̀ wá bá yín nílé."

Lọ́jọ́ kejì, atún-ẹ̀rọ-ṣe dé. Ó bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn ẹ̀rọ, kò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ó fi sípánà tú bóòtù gígùn mẹ́rin yọ.

"Bàbá, àwọn wọ̀nyí ni wọ́n fi de ikùn ẹ̀rọ kó má baà mì nínú ọkọ̀. Ó yẹ kẹ́ ẹ ti yọ wọ́n kẹ́ ẹ tó tanná. Ojú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ìwé náà dà?"

 Àbúrò tọ́ka sí tábìlì ìlọṣọ, èyí tí Mo-Lè-Ṣe-É fọwọ́ ara rẹ̀ kàn. Ẹsẹ̀ tábìlì náà kan kúrú. Ìwé ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Mo-Lè-Ṣe-É kó bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ìgò, ó gbé e sórí káńtà, ibẹ̀ náà ló sì wà dòní. Lẹ́yìn náà ló ṣòfin, ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri: "Ìgbà kìíní, mo lè ṣe é. Ìgbà kejì, mo ṣì lè ṣe é. Ìgbà kẹta, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n." Àbúrò ní òfin náà dára, àmọ́ kí ni ìgbà kejì ń wá níbẹ̀?

"Tìyẹn wà fún iyì mi."

Òfin yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ilé ìgbẹ̀bí kan ní òpópónà kejì ni oníbàárà wọn tó tóbi jù. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kó aṣọ ibùsùn wá. Nígbà tí páìpù omi ẹ̀rọ bẹ́, Mo-Lè-Ṣe-É lọ wá páìpù irin àlòkù kan, ó so ó fúnra rẹ̀. Inú páìpù ti dógùn-ún. Aṣọ funfun ń wọlé, aṣọ aláwọ̀ tíì ń jáde. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá.

"Bàbá, bó bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ibòmíràn la ó máa kó o lọ."

Bí ilé ìgbẹ̀bí bá lọ, àwọn obìnrin méjèèjì yóò padà sílé wọn, Àbúrò náà yóò sì tẹ̀ lé wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká pe púlọ́ńbà."

"Ìgbà kejì la ṣì wà."

"Ẹ wo ara ògiri dáadáa. Mo ti pa ìgbà kejì rẹ́."

Ó wò ó. Lóòótọ́ ni. Ó wá yíjú padà. "Ìwọ aládùúrà, ṣé o ti gbàdúrà sí i ni?"

"Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko."

"Kí wá ni Ọlọ́run wí?"

Àbúrò wo páìpù, ó wo aṣọ aláwọ̀ tíì. "Kò tíì wí nǹkan kan, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ pe púlọ́ńbà."

Ọ̀rọ̀ náà ba òun tó sọ ọ́ lẹ́rù. Kò mẹ́nu bà á ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Púlọ́ńbà mẹ́ta ló wá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Mo-Lè-Ṣe-É ní fún wọn: "Iṣẹ́ wo lẹ ti bàjẹ́ rí?" Ẹni àkọ́kọ́ ní òun kò ba iṣẹ́ jẹ́ rí láyé òun. Mo-Lè-Ṣe-É dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹnìkejì ní àwọn ọmọṣẹ́ òun ló máa ń bà á jẹ́. Ilẹ̀kùn kò tíì padé, ibẹ̀ lòun náà gbà jáde. Ẹnìkẹta jẹ́ obìnrin kan tó fi àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká.

"Mo ti fi omi kún pálọ̀ ìyá ọkọ mi rí. Àga ń léfòó. Màmá wà lórí àga."

"Hẹ̀n! Kí lẹ kọ́kọ́ ṣe?"

"Mo kọ́kọ́ ti omi pa. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó bẹ̀bẹ̀."

"Ẹ wọlé, mà." Ó rẹ ohùn sílẹ̀ fún Àbúrò. "Eléyìí mọ ibi tí wọ́n ti ń ti omi pa. Àwọn tó lọ yẹn ò tíì wá a rí."

Kó tó di ọ̀sán, omi ti mọ́ gaara, ilé ìgbẹ̀bí kò sì lọ mọ́. Lọ́jọ́ Àìkú, Àbúrò dìde láti dúpẹ́. Ó dárúkọ Ọlọ́run, ó dárúkọ púlọ́ńbà. Kò dá a lójú èwo ló yẹ kó ṣáájú.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà ni àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun Mo-Lè-Ṣe-É. Ìgbà kìíní, ó fi omi gbígbóná jó o, ó ní ó ti lọ. Kò sọ ìgbà kejì fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà kẹta, ìdí ẹ̀rọ ni wọ́n ti bá a, ó jókòó sórí garawa, kò lè sọ̀rọ̀, ó kàn ń nawọ́ sí ara ògiri. Àbúrò ti ṣọ́ọ̀bù, ó gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Nígbà tí ẹ̀mí rẹ̀ padà balẹ̀ díẹ̀, dókítà kan tí kò tíì dàgbà púpọ̀ wá jókòó tì í.

"Dókítà, iṣẹ́ wo lẹ ti bàjẹ́ rí?"

"Ẹ̀gbọ́n!" Ó ṣe Àbúrò bíi kílẹ̀ lanu.

Ṣùgbọ́n dókítà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá kan ní ẹ̀yìn ń dun àwọn. Oògùn ẹ̀yìn ni mo fún wọn. Ọkàn wọn ni."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Mi ò rí nǹkan kan ṣe mọ́, sà. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń béèrè ibi tó ń dunni."

Mo-Lè-Ṣe-É mi orí. "Àbúrò, ẹni tí à ń wá nìyí. Àwa la pẹ́ ká tó pè é."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹrin, ẹ̀rọ kékeré kan ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. "Ṣé wọ́n ti yọ bóòtù eléyìí?" ló bi Àbúrò. Àbúrò rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yin lẹ dì mọ́ ẹ̀rọ. Ṣé ó ti dúró kí wáyà tó já ni, àbí wáyà ló kọ́kọ́ já? Ẹ sọ fún mi. Ó ti pẹ́ tó ti ń jẹ mí lọ́kàn."

"Èmi kẹ̀? Mo ti dijú ṣáájú ẹ. Ta ló fẹ́ la ojú sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé nọ́ọ̀sì yọjú wò wọ́n. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Mo-Lè-Ṣe-É na ọwọ́ rẹ̀ tí ọṣẹ ti bó láwọ̀, ó fi lé ọwọ́ àbúrò rẹ̀.

"Eléyìí, mi ò lè ṣe é. Bá mi gbàdúrà."

Àbúrò tẹrí ba. Ó ń dijú lọ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rọra tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

"Àmọ́ jọ̀ọ́, ṣe mí lóore kan. Lọ́tẹ̀ yìí, la ojú ẹ sílẹ̀."