Ta Ni Yóò Gbẹ̀yìn Ẹnìkejì?

Bàbá mi, Àmúdà, kò ka ara wọn sí nǹkan kan nígbà èwe wọn. Iṣu ni wọ́n kà sí. Ní Kambolé, ìlú wa ní Togo, igba ebè ni wọ́n ń kọ lójúmọ́ kan, tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá sì mọ́, wọn á di iṣu sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó di ọjà Tchamba. Èmi Sàúdátù ni àkọ́bí wọn. Ọmọbìnrin mẹ́ta ni ìyá wa bí kí wọ́n tó kú, bàbá mi kò sì fẹ́ ìyàwó mìíràn. Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin mẹ́ta yìí ni Àkànó fi ń gún wọn lára. Àbúrò bàbá mi ni, ọmọ bàbá kan náà. Ó yẹ kí n máa bọ̀wọ̀ fún un bí mo bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, àmọ́ ẹnu mi kọ̀ ọ́.

Ilẹ̀ ló dá ìjà sílẹ̀. Ọ̀nà Bago ni ilẹ̀ bàbá wọn wà, ilẹ̀ dúdú tí iṣu ń ta nínú rẹ̀ dáadáa. Bàbá mi ló ń ro ó, wọ́n sì fẹ́ kó di ti àwa ọmọ wọn. Àkànó ní ọmọbìnrin kì í jogún oko. Àwọn àgbà ilé jókòó, wọ́n ṣe fátíhà, wọ́n dájọ́: kí Àmúdà máa ro ilẹ̀ náà lọ, ṣùgbọ́n nínú àwọn méjèèjì, ẹni tó bá gbẹ̀yìn ẹnìkejì ni yóò sọ ẹni tí yóò ni ín. Wọ́n rò pé àwọn paná ìjà. Wọn ò mọ̀ pé àwọn ti sọ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò di ẹni tó ń retí òkú ara wọn.

Lọ́dún kejì, bàbá mi ṣubú sáàárín iṣu lọ́jà Tchamba. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, èyí tí gbogbo wa ń pè ní tánsíọ̀n. Wọ́n gbé wọn wá sí Sokodé níbi tí mo ti ń ránṣọ, wọ́n sì lo ọjọ́ mẹ́jọ ní ilé ìwòsàn. Nígbà tí mo mú wọn padà sílé, a bá ọmọ igi kaṣú lórí ilẹ̀ náà, lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n ti fi ẹ̀gún ṣọgbà yí wọn ká. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí kò ni ilẹ̀ kì í gbin igi sórí rẹ̀. Àkànó kò lè dúró kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú tán. Bàbá mi fa igi wọ̀nyẹn tu lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá jókòó sórí ebè, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Sàúdátù,” ni wọ́n wí, “mi ò ní í kú. Mo kọ̀.”

Ìdí nìyẹn tí mo fi ra aago ọwọ́ fún wọn, irú èyí tó ń ka ìṣísẹ̀, tó ń ka oorun, tó sì ń ka bí àyà ṣe ń lù. Mo so ó mọ́ fóònù wọn, mo sì ṣe é kí n lè máa rí i lórí tèmi ní Sokodé. Wọ́n kọ́kọ́ bú mi, wọ́n ní ṣé akọ̀wé ni àwọn ni. Mo ní dókítà sọ pé ẹni tó bá ń rìn, tó dín iyọ̀ kù, tó sì ń sùn dáadáa lè pẹ́ ju ẹni tí ara rẹ̀ le. Wọ́n na ọwọ́ sí mi lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀tanú ni bàbá mi fi tọ́jú ara wọn. Wọ́n yọ mágí kúrò nínú ọbẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe àlùwàlá, wọn á ti aago náà gòkè kí omi lè dé ọrùn ọwọ́, wọn á sì fà á wálẹ̀ kí wọ́n tó kírun. Wọn á pè mí: “Ẹgbàárùn-ún ìṣísẹ̀ lónìí. Abẹ́ igi ni Àkànó jókòó sí láti àárọ̀.”

Oṣù mẹ́ta kọjá, ara ń yá, àmọ́ nǹkan kan kò yé mi. Láràárọ̀, ní aago mẹ́fà ààbọ̀, àyà bàbá mi tó ń lù ní àádọ́rin á ṣàdédé fò dé ọgọ́fà. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Aago yìí mọ̀. Mo pè wọ́n.

“Bàbá, kí lẹ ń ṣe ní aago mẹ́fà ààbọ̀?”

“Mo jókòó ni.”

“Ta ló wà lọ́dọ̀ yín?”

“Àkànó. Ó máa ń wá kí mi. Á ní, ‘Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ jí?’ Á wá máa wò mí bí ẹni ń wo ewé iṣu bóyá ó ti gbẹ.”

Mo gbé fóònù mi lọ bá dókítà. Ó wò ó títí. Ó ní, “Madámù, oògùn ń ṣiṣẹ́. Ìbínú àràárọ̀ yìí ló lè pa wọ́n. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dárí jì í.” Mo jíṣẹ́ fún bàbá mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́.

“Kí n dárí jì í kí n lè pẹ́? Ṣebí kí n lè sin ín ni mo ṣe fẹ́ pẹ́!”

Wọ́n rò ó fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, wọn ò dúró de Àkànó mọ́. Bí wọ́n ṣe kírun àsùbáà tán, wọ́n la ìlú kọjá, wọ́n lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. “Àkànó, ṣé o jí? Èmi jí o. Ara mi le.” Wọ́n yíjú padà sílé. Mo ń wo fóònù mi ní Sokodé: àádọ́rin, kò yẹ̀. Ẹni tó lọ ká ọ̀tá mọ́lé, àyà rẹ̀ kì í já. Láti ọjọ́ náà, òjò ni o, ààwẹ̀ ni o, wọn ò pa àárọ̀ kan jẹ. Kí n má parọ́, inú mi dùn gan-an.

Lẹ́yìn ìkórè iṣu, Àkànó kò jáde síta mọ́. Mo wálé lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kan, bàbá mi ní kí n bá àwọn lọ kí i. Orí ẹní la bá a, ojú rẹ̀ wú, Àmínátù ìyàwó rẹ̀ ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i. Ó tẹjú mọ́ ọwọ́ bàbá mi.

“Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní nǹkan ọwọ́ yín yẹn ló gbà yín lọ́wọ́ ikú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi bá mi wo ara mi.”

Bàbá mi bọ́ aago náà, wọ́n so ó mọ́ ọn lọ́wọ́ jẹ́jẹ́, wọ́n bọ́ sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Mo ń wo fóònù mi. Ọgọ́rùn-ún ló kọ́kọ́ kà, ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó di ọgọ́rin. Bàbá mi wọlé padà, wọ́n jókòó tì í, wọ́n sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Àkànó, ṣé o jí?”

Ọgọ́fà. Àádóje. Mo na fóònù sí bàbá mi, wọ́n wò ó, àwa méjèèjì wo ara wa. Ohun tí dókítà sọ wà lórí ahọ́n mi. Mo gbé e mì.

“Kí ló sọ?” ni Àmínátù béèrè.

“Iyọ̀ ni,” ni bàbá mi dáhùn, wọ́n ń tú aago wọn. “Ẹ dín iyọ̀ kù.”

Àmínátù kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́, ó ní Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rere pẹ́ fún àwọn. Bàbá mi ní kò tó ọpẹ́, pé àwọn á tún wá kí i lárọ̀ọ̀la. Mo ní kí wọ́n dúró dè mí, kí a jọ wá.