Ògiri Àárín Ọkàn Ọmọ Mi

Mo máa ń da aṣọ bo ọmọ mi ládùúgbò wa ní Mushin, kí ẹnikẹ́ni má baà rí bó ṣe gbẹ. Tó bá ń mu ọmú, á máa làágùn, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ìyá ọkọ mi ti sọ ìdí ẹ̀ fún gbogbo ayé: ìyàwó lóyún, ó lọ ra ẹja yíyan ní Makoko lọ́sàn-án gangan, kò fi píìnì há aṣọ bí aláboyún ṣe máa ń ṣe, kí ohun burúkú má baà wọ inú ẹ̀.

Òótọ́ ni, mo lọ. Olórí kunkun ni mí; ta ló máa wá píìnì kiri? Inú mi ti yọ síta nígbà náà, gbogbo èèyàn ló rí mi. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín nídìí ẹ̀rọ omi, mo ti gbà pé èmi ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ dókítà sọ pé ihò wà lára ògiri tó pín yàrá méjì ìsàlẹ̀ ọkàn ọmọ náà níyà. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè díẹ̀díẹ̀: “Láti ìsàlẹ̀ ni ògiri yẹn ti ń ga bọ̀.” Ó na ìka ọwọ́ kejì wá látòkè. “Ẹran díẹ̀ á wá pàdé ẹ̀, á dí i. Ti ọmọ yín ò kan ara wọn.”

Mo bi í bóyá oòrùn ọ̀sán ló fà á. Ojú tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́. Dókítà mi orí pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

“Dókítà ní oyún ò ní tíì ju bí oṣù méjì lọ tí ògiri yẹn fi máa ń parí. Ẹ lè má tíì mọ̀ pé ẹ lóyún. Wọn ò mọ ohun tó fà á.”

Háà! Mi ò tiẹ̀ sọ ọmọ kalẹ̀ nígbà tí mo délé. Ìyá ọkọ mi ń ṣa ẹ̀wà. Mo fi ọwọ́ ṣe é fún wọn bí nọ́ọ̀sì ṣe ṣe é, mo ń pariwo: “Inú mi ò tíì yọ nígbà tí ògiri yẹn parí, Ìyá! Ẹ lọ sọ ìyẹn náà fún wọn!”

Ọwọ́ wọn dúró nínú ẹ̀wà.

“Àkọ́bí tèmi náà, bó ṣe ń mí nìyẹn kó tó kú. Ìyá ọkọ tèmi sọ pé torí mo rìn lọ́sàn-án ni.” Wọ́n gbójú sókè. “Ìyàwó, ṣé kì í ṣe èmi ni mo pa á?”

Ariwo tí mo pa tì mí lójú. Mo jókòó tì wọ́n.

“Kì í ṣe ẹ̀yin, Ìyá.”