Mọ́tò Tí Ò Fẹ́ Ariwo

Ẹ má bi mí ìdí tí mo fi ń gbé mọ́tò tó jù mí lọ lọ́jọ́ orí kiri Àbújá. Ti bàbá mi ni. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú un lápá ọ̀tún, tó sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, kò gbà ká gbé òun sínú ọkọ̀ mìíràn. Tẹ́ ẹ bá dán an wò, á fi ọwọ́ òsì di ilẹ̀kùn mú, ìjàkadì á bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, láti Galadimawa dé ilé ìwòsàn ní Gwagwalada, mọ́tò Bàbá náà ni.

Àárín òjò ni fáànù inú rẹ̀ kú. Bí oòrùn bá mú, fáànù yìí á máa fẹ́ wa; bí òjò bá ń rọ̀, òun ló ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sára gíláàsì iwájú kí èémí wa má bàa bò ó. Fún odidi ọ̀sẹ̀ méjì, ọwọ́ kan ni mo fi ń wakọ̀, mò ń fi ìkejì nu gíláàsì, tírélà ń fọn fèrè lẹ́yìn mi, èmi náà ń pariwo: "Ẹ gorí mi kọjá, ṣé ẹ gbọ́!" Bí mo bá ṣí fèrèsé, òjò á na Bàbá, ikọ́ á gbé e dè. Lọ́jọ́ kan, díẹ̀ ló kù kí n kó wọ abẹ́ ọkọ̀ kan tó dúró. Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà pé bí fáànù yìí ò bá ṣiṣẹ́, ilé ìwòsàn di ìgbà tí òjò bá dá, ẹsẹ̀ Bàbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rántí ìrìn á sì tún gbàgbé.

Mo wa mọ́tò lọ bá ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń ṣe wáyà ọkọ̀ ní Kuje. Bàbá jókòó síwájú, torí iṣẹ́ ọkùnrin mẹ́ta ni gbígbé e sọ̀kalẹ̀.

"Àǹtí, ta ló ń lo hítà ní Nàìjíríà?" ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká kúkú yọ ọ́ dànù."

"Yọ ti bàbá tìẹ dànù!" ni mo dá a lóhùn. Ó bú sẹ́rìn-ín.

Ó pààrọ̀ fíùsì, kò sí nǹkan kan. Ó yọ fáànù síta, ó fi wáyà méjì fà á mọ́ bátìrì, ó yí fìrìfìrì. "Kai, ara ẹ̀ le!" Ó dá a padà sáyè ẹ̀, ó tún kú. Ó fi gílóòbù kékeré tọpasẹ̀ iná títí, ó mi orí. Iná ń dé ìdí sùíìṣì, kò dé ọ̀dọ̀ fáànù. Ó ń sọnù lọ́nà. Ó ní àfi kóun tú gbogbo iwájú mọ́tò palẹ̀, òun ò sì lè búra pé yóò padà bó ṣe wà. Omi tán lẹ́yìn ẹja mi.

Ní gbogbo àkókò yìí, ẹsẹ̀ òsì Bàbá ò sinmi, bí kò ṣe sinmi láti bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ń gbá gegele àárín mọ́tò, lórí ẹní rọ́bà tuntun tó nípọn tí mo tẹ́ síbẹ̀. Gbì, gbì, gbì. Mo gbé ẹsẹ̀ náà padà. Ó tún gbá a. Mo fi ọwọ́ tẹ orúnkún rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Iṣan ló ń fà á," ni mo wí fún oníwáyà. "Kò mọ ohun tó ń ṣe."

Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pè láti Ìlọrin. Mi ò kúrò níbẹ̀. Ọwọ́ mi wà lórí orúnkún Bàbá bí mo ṣe ń sọ ọ́: "Bọ̀dá, ó ti sú mi. Ẹ wá gbé e. Ẹni tí mò ń gbé kiri yìí kì í ṣe Bàbá wa mọ́. Bàbá ti lọ tipẹ́, ara lásán ló kù."

Ẹsẹ̀ náà dákẹ́ lábẹ́ ọwọ́ mi. Mo tiẹ̀ dúpẹ́ pé ara rẹ̀ balẹ̀.

Oníwáyà ká ẹní rọ́bà kúrò kó lè rí ọ̀nà tí wáyà gbà. Bọ́tìnnì irin kan ló jókòó sábẹ́ rẹ̀, irú èyí tí àwọn awakọ̀ àtijọ́ ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Fáànù bú ramúramù, ó da eruku sí wa lójú.

"Yauwa!" ni oníwáyà ké.

Èmi ò lè ké. Nígbà tá a wà lọ́mọdé, bí èmi àti bọ̀dá mi bá ń jà lẹ́yìn mọ́tò, ńṣe ni fáànù á kàn kú. Bàbá á ní, "Mọ́tò yìí ò fẹ́ ariwo o." A ó pa lọ́lọ́, ooru á máa pa wá, tó bá yá fáànù á jí. Mo gbà á gbọ́. Mo ti bímọ, mo ṣì gbà á gbọ́! Àṣé ẹsẹ̀ Bàbá ni. Ọjọ́ tí mo sì tẹ́ rọ́bà gàǹgà yẹn lé bọ́tìnnì náà lórí ni ìwúwo rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tí fáànù kú. Ọ̀sẹ̀ méjì ni Bàbá ti ń fi ẹsẹ̀ sọ fún mi.

Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ fáànù. Ó sì gbọ́ ohun tí mo sọ lórí tẹlifóònù náà.

Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Bàbá, ẹ dárí jì mí. Ó rẹ̀ mí ni. Mi ò mọ̀ pé ẹ ń gbọ́, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò mí..."

Kò wò mí. Ó na ẹsẹ̀ òsì, díẹ̀díẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì náà. Fáànù dákẹ́.

Mo pa ẹnu mọ́. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, mò ń retí kó tún un tẹ̀.