Orúkọ Mi Lọ sí Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ forí jì mí bí ìwé yìí kò bá dùn ún kà. Ìwé kẹrin ni mo kà dé kí wọ́n tó ní kí n máa bá ìyá mi lọ sóko, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ ṣe ọ̀ṣọ́. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo kọ ọ́.

Ọmọ Erinje ni mí. Igbotako ni wọ́n fẹ́ mi lọ. Oṣù mẹ́jọ péré ni èmi àti ọkọ mi fi gbé pọ̀ kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, tó fi mí sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Pupuru ni ìyá ọkọ mi ń ṣe tà. Èmi ni mo ń ru ẹ̀gẹ́ wálé, tí mò ń rẹ ẹ́ sómi, tí mò ń fún un, tí mò ń mọ ọ́n rìbìtì, tí mò ń tò ó sórí àjà iná títí ara rẹ̀ á fi dúdú, kí n tó fi ọ̀bẹ họ dúdú náà kúrò. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Èéfín sọ ojú mi di pupa, ṣùgbọ́n n kò kà á sí, torí mo mọ̀ pé ọkọ mi yóò ránṣẹ́ pè mí.

Ó ránṣẹ́ lóòótọ́. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ti jáde ní ilé ìwé módà, ló ka lẹ́tà náà fún wa. Ọkọ mi ní òfin ìwọ̀lú àwọn òyìnbó ti le sí i. Wọn kò gba ẹ̀gbọ́n, wọn kò gba àbúrò. Ìyàwó àti ọmọ kéékèèké ló lè wá bá ẹni tó ti wà níbẹ̀. Kí bàbá mi lọ búra ní kóòtù ìbílẹ̀ pé òun ló fi mí fún un.

Bàbá mi wọ agbádá rẹ̀ kan ṣoṣo wá sí Òkìtìpupa. Ó fi Bíbélì búra, ó tẹ̀ka. Akọ̀wé kóòtù ní kí a tọ́jú ìwé náà dáadáa, nítorí ìyàwó kan ni àwọn òyìnbó mọ̀. Ẹni tó bá fi í wọlé ni ìyàwó, kò tún sí ẹlòmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ òun kan náà ló ń lọ.

Mo gbé ìwé náà fún ìyá ọkọ mi. Lẹ́yìn bí oṣù kan, ó pè mí sídìí ààrò.

"Ìyàwó, bí o bá lọ, ta ni yóò máa ṣe pupuru?"

Ojú a máa tì mí. Bí àgbà bá ń bá mi sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ni mò ń wò.

"Ọmọ mi obìnrin kàwé, ó jókòó lásán. Wọ́n ń kọ́ èèyàn ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ìyàwó ni òyìnbó ní kó wá. Ṣé òyìnbó mọ ojú ìyàwó ni?"

Mo rọra sọ pé èmi ni ọkọ mi ní kó wá. Ó fa lẹ́tà mìíràn yọ níbi ìró rẹ̀, ó ní kí n fúnra mi kà á. Ó pẹ́ kí n tó kà á tán. Ọwọ́ ọkọ mi ni. Ó ní èrò ìyá òun dára, kí àbúrò òun kọ́kọ́ wá, kí èmi ní sùúrù. Ó ní kí wọ́n kí mi.

Lọ́dọ̀ wa, ìyàwó kì í pe orúkọ ọmọ tó bá nílé ọkọ. Adúmáadán ni mò ń pe àbúrò ọkọ mi, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ ni wá. Ní ọjọ́ yẹn, ìyá ọkọ mi ní kí gbogbo ilé máa fi orúkọ tèmi pè é, kó lè mọ́ ọn létí kí òyìnbó tó pè é. Ó ní èmi náà gbọ́dọ̀ máa pè é bẹ́ẹ̀. Èmi tí n kò gbọ́dọ̀ fi ẹnu kan orúkọ rẹ̀, mo wá ń fi orúkọ ara mi pè é, òun a sì dá mi lóhùn.

Ní ìrọ̀lẹ́, bí mo bá ń họ pupuru, á gbé àpótí tì mí, á máa bi mí ní ìbéèrè tí òyìnbó lè bi ìyàwó. Kí ni orúkọ ìyá mi? Ta ló sìn mí wá? Mo sọ fún un pé mo sunkún lójú ọ̀nà ní ọjọ́ náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun náà á sunkún díẹ̀ bí òun bá débẹ̀. Bí mo bá dákẹ́, á ní, "Má ṣe ahun, ìyàwó. Kí ló wà nínú ayé rẹ tí o fẹ́ fi pa mọ́?"

Ohun kan ni mo fi pa mọ́, ìyẹn àpá tó wà ní itan ọkọ mi. Mo rò pé ìyẹn nìkan ló kù tó jẹ́ tèmi.

"Àpá itan ńkọ́?" ó ní. "Ṣé o rò pé n kò mọ̀ ọ́n? Èmi ni mo da omi gbígbóná sí i nígbà tí a wà lọ́mọdé."

Òun àti ìyá rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì àwọn òyìnbó ní Èkó. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, wọ́n padà dé. Òyìnbó ti fún un ní ìwé, orúkọ mi ló wà nínú rẹ̀, àwòrán rẹ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá ọkọ mi pa adìẹ, ó ní kí n sè é. Nígbà tí mo gbé oúnjẹ wá fún awakọ̀ tó gbé wọn wá, ọkùnrin náà dúpẹ́, ó bèèrè orúkọ mi.

Gbogbo wọn wò mí.

"Ọmọ ọ̀dọ̀ wa ni," Adúmáadán sọ.

"Ṣé kò wá lórúkọ ni?"

"'Ìwọ' là ń pè é," ìyá ọkọ mi sọ, ó sì bu ọbẹ̀ sí i fún un.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kó pupuru tó wà lórí àjà sínú agbọ̀n, mo gbá ìdí ààrò. N kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn títí mo fi dé Erinje. Bàbá mi ń pọ́n àdá níwájú ilé. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ohun tí wọ́n fi ìbúra rẹ̀ ṣe fún un, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ mí ní orúkọ mìíràn.